Káàdì Aláwọ̀ Ewé

Múlíkátù tì í sí mi lórí kánńtà,
nílé oògùn tuntun l'Ọ́láìyá:
"Bàbá, ẹ gbé oògùn lónìí, ẹ san án tóṣù bá parí.
Ẹgbẹ̀rún náírà kan, póìntì mẹ́wàá.
Bó bá pé ẹgbẹ̀rún póìntì, ọṣẹ ìfọyín ọ̀fẹ́ ni."

Olùkọ́ ìṣirò ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì.
Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ẹgbàárin lóṣù:
ọgọ́rin póìntì.
Ọdún á yípo, á ṣì ku ogójì.
Ṣé kí n wá àìsàn mìíràn kún un ni,
nítorí àtifọ eyín?
Owó káàdì lásán á ra ọṣẹ ọ̀hún mẹ́ta,
èlé ń bẹ fún ẹni tó bá pẹ́ san,
owó ìfẹ̀yìntì mi kò sì mọ kàlẹ́ńdà.

Láyé Làmídì oníkẹ́míìsì, n'Ísàlẹ̀ Ọ̀ṣun,
bí ìyá mi bá ra oògùn ibà,
á ka fítámì sí mẹ́ta lé mi lọ́wọ́.
Èènì ni. Kò bèèrè orúkọ mi.
Mo ń lá a títí dé Ìgbọ̀nà.

Ṣùgbọ́n lóṣù tó kọjá
mo bá Àyọ̀ká nílé ìdáná, ó ń fi ọ̀bẹ
gé oògùn ìtọ̀ ṣúgà rẹ̀ sí méjì,
ó ń fi ìka tọ́ èyí tó rún lórí pákó.
Kò mọ̀ pé mo dúró.

"Múlíkátù, ẹ di ọṣẹ yín mú.
Àwìn yẹn nìkan ńkọ́?"
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní wọ́n so wọ́n pọ̀ ni.
Mo ká fọ́ọ̀mù náà sínú fìlà.
N ò tíì kọ orúkọ.