Ọjọ́ Ajé Lẹ́yìn Ọdún Keje

Ní ilé-ẹjọ́ wa ní Katsina, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi dogoyaro,
ojú wíńdò ni mo máa ń jókòó sí,
èmi tó ń gba fáìlì, tó ń lu òǹtẹ̀,
tó ń kọ déètì sórí ìwé ẹlẹ́ṣẹ̀ àti aláìṣẹ̀.
Déètì ò mojú ẹnikẹ́ni.

Gambo kọ́sítọ́ọ̀mù ò tètè mọ̀ bẹ́ẹ̀.
Ọdún méje ló fi tọpa ọkọ̀ àjàgbé kan
tó gba ẹ̀yìn Jíbíyà wọlé lóru,
ìrẹsì lókè, ayédèrú oògùn ikọ́ ọmọdé nísàlẹ̀.
Ó lọ sí Maradi, ó sùn sí gáréèjì ní Kano,
títí dírẹ́bà tó wa ọkọ̀ náà fi lanu.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún,
ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ó bá a.
Òótọ́ ni. Ó bá a.
Ó bá a ní Ọjọ́ Ajé.
Ọdún keje ti pé ní Ọjọ́ Ẹtì,
nǹkan sì tì lóòótọ́.

Adájọ́ Bíntà bọ́ awò ojú rẹ̀,
ó ní òfin ti ti ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ ò sí lọ́wọ́ òun.
Alájì Mudi tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó rìn jáde,
eruku ọyẹ́ bo bàtà rẹ̀ bí ó ṣe bo ti gbogbo wa.

Gambo ò pariwo. Ó béèrè omi.
Ó ní, “Tó bá jẹ́ pé ọ̀bẹ ló fi pa wọ́n ńkọ́?”
Agbẹjọ́rò ìjọba ní ẹjọ́ ìpànìyàn kì í gbó,
ogójì ọdún ò ní kí wọ́n má gbé e wá.
Àmọ́ ta ló lè so ìgò kan mọ́ sàréè kan?
Ẹrù tí kò san owó bodè ni fáìlì wí.

Èyí tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rèé:
Ọjọ́ Ẹtì yẹn, aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá,
ọmọkùnrin kan sáré dé wíńdò mi, fáìlì lábíyá,
òógùn ń kán sórí rẹ̀.
Mo ti pa ìwé dé. Ebi ń pa mí,
ọkọ̀ Fúntùá ti fẹ́ kún.
Mo ní, “Ọ̀gbẹ́ni, ó di Ọjọ́ Ajé.”
Kò jà. Ó dúpẹ́.

Mo ti yẹ ìwé òfin wò,
mo wá gbèdéke fún ẹni tó ti wíńdò.
Mi ò rí i.
Òǹtẹ̀ mi ṣì wà lórí tábìlì.
Àràárọ̀ ni mò ń yí déètì rẹ̀.