Aṣojú Erékùṣù ní Ìlú Tí Kò Lókun

Ọdún mẹ́rin àti oṣù méjì ni mo fi wa mọ́tò fún un ní Àbújá.
Dúnmádé lorúkọ mi; "Dúnma" ló ń pè mí,
ahọ́n rẹ̀ ò gbé ìyókù.
Ilé àyágbé kan ní Wúsè ni wọ́n fi ṣe ibi iṣẹ́,
àsíá ẹlẹ́ja kan lórí òrùlé,
tí ọyẹ́ ti fà ya láti ìrù ẹja dé imú.

Bí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá ká wa mọ́ Bẹ́gà, ẹnu rẹ̀ á tú.
Ó ní ẹja ni òun kọ́kọ́ ń kà létí èbúté,
ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, pẹ́ńsùlù létí.
Bí ọkọ̀ olówó bá kó ogójì agbọ̀n dé,
kì í kọ ogún sílẹ̀.
Òótọ́ yẹn ló gbé e dé ìgbìmọ̀ abúlé,
ó gbé e dé ilé aṣòfin oníjókòó mọ́kànlélógún
níbi tí òjò ti máa ń jò sórí alága,
ó sọ ọ́ di mínísítà ọ̀rọ̀ òkun.
Mínísítà! Kẹ̀kẹ́ ológeere ló ń gùn lọ síbi iṣẹ́.

Ìbò mọ́kànlá ni wọ́n fi nà án.
"Dúnma, mo mọ àwọn mọ́kànlá náà lórúkọ.
Ọ̀kan nínú wọn, àbúrò ìyá mi ni.
Lọ́jọ́ kejì ó gbé ẹja yíyan wá kí mi.
Mo jẹ ẹ́."
Ẹ̀rín pa mí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó lẹ́sẹ̀.
Ní tiwa, ta ló mọ ẹni tó dìbò,
ká má tiì sọ ẹni tó kà á?

Ẹni tó wọlé ló fi í ránṣẹ́ síhìn-ín,
kó lè jìnnà. Kó jìnnà sómi.
Wákàtí mẹ́ta ló fi jókòó nílé iṣẹ́ ìjọba wa
lọ́jọ́ tó fẹ́ sọ fún wọn pé òkun ń jẹ ilé ìwé àwọn.
Akọ̀wé ní, "Ẹ̀yin tiẹ̀ tó mélòó gan-an?"
Ó sọ iye wọn.
"Háà! Kúbwà nìkan jù yín lọ."
"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní, "ìdí nìyẹn tá ò fi lè sọ ẹnì kan nù."

Lọ́jọ́ Àìkú, màá gbé e lọ sí adágún Jábì.
Á bọ́ bàtà. Á ti ìka bọ omi, á fi lá,
á mi orí bí ìyá tí wọ́n gbé ọmọ ọlọ́mọ fún.

Ìpè kan wọlé lóru Ọjọ́rú: ìjọba wọn ti yí padà.
Àpótí méjì péré ló dì.
Ìgò omi òkun orí tábìlì rẹ̀, ó kó o lé mi lọ́wọ́,
kò sọ ohun tí n ó fi ṣe.

Orí fìríìjì wa ló wà.
Lọ́yẹ́ èṣí, ọmọ mi obìnrin ṣí i, ó tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù:
"Bàbá, ta ló da iyọ̀ sómi yìí?"
Mo ní kó dé e.
Nígbà tó sùn, èmi náà tọ́ ọ wò.