Méjìlélọ́gọ́ta

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, kí n tó bu omi sójú,
mo bọ́ ṣòkòtò òtútù, mo yọ yẹtí,
mo yọ òrùka ìgbéyàwó pàápàá,
àfi bí ẹni pé wúrà ló ń mú mi wúwo.
Mo gun òṣùwọ̀n tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀kírìkà
ní òpópó Sherbrook, ní Winnipeg níbí,
dọ́là mẹ́rin, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán,
ìdérí ìgò ni mo fi tì í.
Ó ronú. Ó ronú títí.
Ó ní: ọ̀kànlélọ́gọ́rùn-ún.

Òmíràn wà lára fìríìjì:
méjìlélọ́gọ́ta.
Bírò pupa ni mo fi kọ ọ́, mo fàlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.
Fadérera ọmọ mi ní ṣé nọ́ńbà bọ́ọ̀sì ni.
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni,
bọ́ọ̀sì tí mo ti ń dúró dè láti ọdún mẹ́fà ni.

Mo ti gba ààwẹ̀ tí kò sí nínú Bíbélì.
Mo ti mu omi ọsàn wẹ́wẹ́ títí eyín fi kan mí.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kílò mẹ́ta lọ;
ní ọ̀sẹ̀ kẹrin wọ́n padà dé,
wọ́n mú ẹ̀gbọ́n wọn dání.

Marivic, olùtọ́jú oúnjẹ ní kílíníìkì,
wo ìwé mi, ó ti gíláàsì ojú rẹ̀ sókè.
Kò bá mi wí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí:
"Níbo lo ti rí méjìlélọ́gọ́ta?"

Mo fi fọ́tò hàn án nínú fóònù.
Èmi nìyẹn, ní Ìlá, lẹ́yìnkùlé bàbá mi,
ọrùn gbọọrọ, ìbàdí tí ọwọ́ méjì lè yí po.
Ó ní ọdún wo nìyẹn?
Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò.
Ẹnu mi dákẹ́.

Ọdún yẹn ni ibà jẹ̀funjẹ̀fun dá mi dùbúlẹ̀ fún ogójì ọjọ́.
Ṣíbí tíì ni ìyá mi fi ń bu ògì sí mi lẹ́nu,
ó ń kà á, ìkọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ka owó èlé.
Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé mi síta kí n yá oòrùn,
ayàwòrán kan ń kọjá lọ;
ìyá mi ní, "Bá mi yà á,
ká lè máa rántí pé kò kú."

Àṣé àìsàn ni mo lẹ̀ mọ́ fìríìjì.
Àṣé ibà ni mò ń sáré tẹ̀ lé,
tí mò ń pè é ní ẹwà.

Marivic fa ìwé mìíràn yọ.
"Kí lo fẹ́ kí ara rẹ lè ṣe?"
Èmi náà ronú bí òṣùwọ̀n mi.
Mo ní àtẹ̀gùn ilé wa jẹ́ mẹ́tàdínlógójì,
lẹ́fitì ti kú láti Oṣù Kọkànlá;
mo fẹ́ gùn ún láìjókòó lágbedeméjì
bí ẹni tó ń retí àlejò.
Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kí n so okùn bàtà yìnyín fúnra mi.
Mo fẹ́ kí orúnkún yìí yé pè mí lórúkọ lóru.

Ó kọ ọ́ sílẹ̀: mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún,
kí yìnyín tó yọ́ tán.

Mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún! Ojú tì mí.
Nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni kò ní pàtẹ́wọ́ fún.
Ìbídùn ọ̀rẹ́ mi ní, "O ti sọ̀rètí nù nìyẹn?"
Mo ní rárá o, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.
Mo já ìwé pupa. Fadérera ní,
"Màámi, bọ́ọ̀sì yẹn kò wá mọ́?"
Mo ní kò fìgbà kan gba àdúgbò wa.

Oṣù Kẹta nìyí. Odò ṣì le bí òkúta.
Òṣùwọ̀n ní mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún; ìdérí ìgò ṣì wà níbẹ̀,
n kò mọ èyí tó ń purọ́ nínú àwọn méjèèjì.
Ṣùgbọ́n lálẹ́ àná, pẹ̀lú àpò ìrẹsì lọ́wọ́,
mo dúró lórí àtẹ̀gùn kejìlélógún.
Mo dúró ni o.
N kò jókòó.