Bẹ́ńṣì Tó Wà Lẹ́nu Ọ̀nà Mi

Ọkọ̀ búrẹ́dì ni tẹ́lẹ̀.
Títí di òní, bí òjò bá pa á tí oòrùn sì tún là,
òórùn ìwúkàrà á máa ti òrùlé rẹ̀ jáde.

Mo rà á ní Ìsàlẹ̀ Àfọ́n.
Kò ní fèrèsé, kò ní ìjókòó, ó ṣófo gbalaṣa.
Mo fi pákó kan bẹ́ńṣì méjì,
mo gbé wọn sínú ọkọ̀, n ò kàn wọ́n mọ́ nǹkan kan.
Mo kó èèyàn mẹ́jọ, mo kó mẹ́wàá,
lọ́jọ́ ọjà mo kó mẹ́rìndínlógún,
orúnkún wọnú orúnkún, apẹ̀rẹ̀ káṣú lórí itan.
"Ẹ sún mọ́ra díẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ sún."
Ẹnu mi dùn, àpò mi wú.

Ewúrẹ́ kan ṣoṣo ni.
Ó já wọ títì nígbà tó kù díẹ̀ ká dé Ìkòyí.
Mo tẹ bíréèkì, ọkọ̀ dúró.
Ewúrẹ́ kọjá, kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn.
Bẹ́ńṣì ni kò dúró.
Mo gbọ́ ọ lẹ́yìn mi bó ti ń bọ̀,
bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ ọlọ,
ó kó èèyàn mẹ́rin pọ̀ wá bá ẹ̀yìn ìjókòó mi.
Eyín iwájú méjì ni Fágbèmí télọ̀ tu sọ́wọ́.
Kò bú mi. Ó wò wọ́n, ó ní,
"Àtàndá, mo sanwó ọkọ̀ tèmi o."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni n ò rí gbé mì.

Mo wa ọkọ̀ lọ bá Oyèladùn,
obìnrin tó jogún iná ìjórin lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.
"Èèyàn mélòó?"
Mo ní mẹ́rìnlá. Ó rẹ́rìn-ín.
"Ọkọ̀ yìí ní egungun.
Iye tí egungun rẹ̀ bá lè gbé ni mo máa jó mọ́ ọn."
Mọ́kànlá ló jó.
Bóòtù gba ilẹ̀ ọkọ̀ kọjá, irin pẹlẹbẹ gbà á nísàlẹ̀,
ìjókòó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú bẹ́líìtì tirẹ̀.
Ó gé fèrèsé. Ó ṣe ilẹ̀kùn kan sẹ́yìn tó ń ti inú ṣí,
"kí ẹni tó bá wà lẹ́yìn lè jáde
láìbẹ ẹnikẹ́ni."

Ọmọkùnrin onígíláàsì kan yẹ̀ ẹ́ wò fún ìjọba.
Ó rá wọ abẹ́ ọkọ̀,
ó mi ìjókòó kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń mi eyín ọmọdé.
Ẹrù ló wà nínú ìwé ọkọ̀ tẹ́lẹ̀;
wọ́n pa á rẹ́, wọ́n kọ èrò.
Ọ̀rọ̀ méjèèjì fara jọ lẹ́nu.
Wọn ò jọ ara wọn lójú títì.

Alẹ́ ọjọ́ kan ní Tákíè, òjò ń rọ̀,
mọ́kànlá ti pé, ni ìyá arúgbó kan bá di ilẹ̀kùn mú:
"Gbé mi sórí àpótí irinṣẹ́ yẹn, ọmọ mi. Èmi ò wúwo."
Mo ní, "Màmá, ààyè ti tán."
Gbogbo ọkọ̀ pariwo lé mi lórí:
ìkà ni mí, n ò ní ìyá nílé!
Bẹ́ẹ̀ ìyá mi ni mò ń rò,
lórí àpótí, pẹ̀lú ewúrẹ́ kan níwájú.

Ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá tú bẹ́líìtì rẹ̀.
Fágbèmí ni. N ò mọ ìgbà tó wọlé.
"Èmi mọ ohun tí bẹ́ńṣì ń ṣe.
Gbé wọn lọ, kóo padà wá gbé mi."

Mo padà, ọkọ̀ ṣófo, epo ti jẹ èrè alẹ́ yẹn tán.
Ó wà lábẹ́ àtíbàbà fọkanáísà, aṣọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára.
Mo ní n ò gba owó.
Ó ki owó bọ̀ mí lápò, àlàfo eyín rẹ̀ hàn:
"Mo sanwó ọkọ̀ tèmi."

Mo la bẹ́ńṣì kan ṣe igi ìdáná.
Èkejì wà lẹ́nu ọ̀nà mi.
Bí ilẹ̀ bá ṣú, àwọn ará àdúgbò á jókòó sí i,
méje, mẹ́sàn-án, ọmọdé lórí itan.
Mo ṣì máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n sún mọ́ra.
Kò lọ ibì kankan.