Kí A Tó Rán An

Oṣù mẹ́ta ni mo fi há mọ́ yàrá kan ní Ìsọ̀kún,
fèrèsé kan, fáànù kan tó ń ké bí ẹni tí eyín ń dùn,
mo ń kọ iṣẹ́ sínú kọ̀ǹpútà:
ìwé ìwọ̀n fún àwọn aránṣọ Iléṣà.
Èjìká, àyà, ìbàdí, gígùn apá,
gbogbo rẹ̀ á wà nínú fóònù,
òjò ò ní pa á, eku ò ní jẹ ẹ́.
Mo ti sọ ọ́ lórúkọ. Mo ti ya àmì rẹ̀,
abẹ́rẹ́ wúrà lórí àwọ̀ aró.
Ohun kan ṣoṣo ló kù:
mi ò tíì bi aránṣọ kankan léèrè.

Iyùnadé, tí a jọ dá iṣẹ́ náà sílẹ̀,
wò mí títí.
"Ta ló sọ fún ọ pé ìwọ̀n òun ń sọnù?"
Mo ní gbogbo ayé ló mọ̀.
Ó ní, "Dárúkọ ẹnìkan nínú gbogbo ayé."

Fáànù ń ké.

Ó ki bàtà bọ ẹsẹ̀, ó mú ìwé kékeré kan àti bírò méjì.
Òṣómàáló ni bàbá tó bí bàbá rẹ̀,
ó ń fi aṣọ sílẹ̀ láwìn láti oko dé oko;
bó bá di ọjọ́ owó,
á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè,
kò ní gba àga, kò ní gba omi,
àfi bí owó bá pé.
Iyùnadé ní, "Èmi náà á lóṣòó.
Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ gbà."

Ní ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Fátúnsìn, ní Ìjámọ̀,
mo ti ń yọ fóònù kí n fiṣẹ́ mi hàn án,
Iyùnadé tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.
Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, lọ́sẹ̀ tó kọjá,
kí ló bà yín nínú jẹ́ jù nídìí iṣẹ́ yìí?"

Ìwé ìwọ̀n rẹ̀ rèé lórí tábìlì, ọdún mọ́kànlá,
ọ̀rá ló fi wé e, kò sọnù rí.
Ó ka ìwọ̀n àyà bàbá kan tó ti kú
láì ṣí ìwé.
Mo mí kanlẹ̀. Oṣù mẹ́ta!

Ìgbà náà ló nawọ́ sí ògiri.
Agbádá, bùbá, gáùn ọmọdé
tí ọmọ ọ̀hún á ti dàgbà jù báyìí.
"Mẹ́rìnlélógún," ó ní.
"Owó mi ni òwú, owó mi ni bọ́tìnnì,
owó mi ni epo jẹnẹrétọ̀.
Wọ́n san díẹ̀, wọn ò yọjú mọ́.
Ẹ̀mí mi ló wà lórí ìṣó yẹn."

A dé Ìrọ̀jọ, a dé Òkè-Ẹ̀ṣọ̀.
Nínú aránṣọ mọ́kànlá, mẹ́sàn-án nawọ́ sí ògiri.
Ìkẹwàá ní ìyàwó òun nìkan ni ìṣòro òun;
Iyùnadé kọ ìyẹn náà sílẹ̀.
Ìkọkànlá ń sùn. A ò jí i.

Wọ́n ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó,
inú àpò ṣòkòtò ló wà.
Wọn ò sọ fún wa pé ṣòkòtò ọ̀hún ń bẹ lórí ìṣó,
tí eruku ń bò ó,
tí olówó rẹ̀ ò wá gbà á.

Lálẹ́, mi ò ṣí kọ̀ǹpútà.
Abẹ́rẹ́ wúrà mi ń bẹ níbẹ̀,
kò tíì gún aṣọ kankan.
Orúkọ mẹ́rìnlélógún ni mo fi bírò kọ,
mo ń pè wọ́n níkọ̀ọ̀kan:
"Ẹ káalẹ́ o. Aṣọ yín ti ń retí yín."
Ẹni mẹ́ta pa fóònù mọ́ mi létí.
Ẹnìkan bú mi.
Obìnrin kan dákẹ́, ó dákẹ́ títí
mo fi rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti lọ,
ó wá sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́:
"Owó tó kù ni mi ò rí.
Ojú ń tì mí láti gba ọ̀nà ibẹ̀ kọjá."

Mo wo Iyùnadé.
Ó ti ṣí ojú ìwé mìíràn.