Èwo Nínú Wọn Ló Mọ Ìtọ́kò?

Ìyá Ṣódùnkẹ́ sá láfún sórí àpáta,
funfun báláú.
Òjò alẹ́ Ọjọ́rú ló sọ ọ́ di ògì.
Ó wò mí, ó wo kọ̀ǹpútà orí itan mi:
"Ẹ̀rọ yẹn, ṣé kò lè kìlọ̀ fún èèyàn ni?"

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn ẹ̀píàì,
àwọn ọ̀fẹ́ o, torí owó dátà nìkan ló wà lọ́wọ́ mi.

Ọ̀kan ní kí n máa wọlé, ọ̀fẹ́ ni,
kí n ṣáà fi nọ́ńbà káàdì báńkì mi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.
Ọ̀fẹ́ tó ń fọwọ́ tọ́ àpò wò!
Mo rọra pa á dé.

Òmíràn fún mi ní kọ́kọ́rọ́, lẹ́tà méjìlélọ́gbọ̀n gbọọrọ.
Ó dáhùn dáadáa títí di aago mẹ́wàá,
ó wá ní mo ti béèrè jù,
kí n padà wá lọ́la.
Ta ló sọ fún un pé òjò a máa dúró de ọ̀la?

Ọ̀kan ò tilẹ̀ béèrè orúkọ mi.
Mo tẹ Abẹ́òkúta sí i,
ó ní òjò ń rọ̀, ó ń rọ̀ gan-an.
Mo yọjú: oòrùn ń yan àpáta bí ẹ̀pà.
Mo wo ibi tó ń sọ. Jàmáíkà.
Abẹ́òkúta kan wà lọ́hùn-ún, lẹ́yìn òkun.
Mi ò mọ̀ rí.
Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.
Ta ló di orúkọ yìí mú
nígbà tí wọ́n gba gbogbo ìyókù lọ́wọ́ rẹ̀?
Mo pe Ìyá Ṣódùnkẹ́ kó wá wò ó.
Ó fi ìka oníyẹ̀fun kan ojú kọ̀ǹpútà:
"Ṣé wọ́n ti kó tiwọn wọlé báyìí?"

Èyí tó kù kò lẹ́wà, kò yá,
àṣìṣe kún ìwé ìlò rẹ̀ bí èéṣú.
Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òjò Ọ̀bàǹtokò
kì í ṣe òjò Ìtọ́kò.
Mo bi í léèrè ọjọ́ Ẹtì, ó fi àyè sílẹ̀ lófìfo.
Ṣówándé ní àbùkù ni.
Mo ní ẹni tó lè sọ pé òun ò mọ̀,
mo lè bá a da nǹkan pọ̀.

Lónìí, aago mẹ́ta ku díẹ̀,
fóònù gbọ̀n nínú ìró Ìyá Ṣódùnkẹ́.
Ó wo ojú ọ̀run, kò rí nǹkan kan.
Ó bú mi. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó láfún.
Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀,
mo ń bẹ òjò kó rọ̀.