Ẹ̀rọ Kò Mọ Ojú Ẹni

Nikhila, jókòó. Gbé agboòrùn rẹ sẹ́yìn ilẹ̀kùn,
ó ń kán sórí okùn iná.
Òjò Kochi kò bọ̀wọ̀ fún lọ́yà.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ru fáìlì
láti ọ́fíìsì yìí dé kóòtù gíga;
mo fi ọ̀rá bò wọ́n, èmi fúnra mi rin gbingbin.
Orí mi ṣì rántí ìwúwo wọn:
ẹjọ́ ilẹ̀ wúwo ju ti ìkọ̀sílẹ̀ lọ,
ti báńkì ló wúwo jù, kò sì sí omijé kankan nínú rẹ̀.

Nísinsìnyí wọ́n ní ẹ̀rọ dé, ẹ̀rọ̀ dé.
Ẹ̀rọ dé lóòótọ́.
Ẹ̀rọ̀ ṣì ń bọ̀, bóyá ọkọ̀ ojú omi ló wọ̀.

Gbọ́. Má fi fóònù ya ìwé ẹ̀rí
lórí tábìlì tí o ti ń jẹun.
Ọ̀gá wa àná ṣe bẹ́ẹ̀: adájọ́ rí àtàǹpàkò,
ó rí ìpékeré kan létí ìwé àdéhùn,
ó béèrè bóyá ẹ̀rí ni òun náà.
Jẹ́ kí ẹ̀rọ lè ka ọ̀rọ̀ inú ìwé,
kí ẹni tó bá wá "ààlà" rí ààlà,
kó má rí àwòrán tó dú bí ìdí ìkòkò.
Má fi àwọ̀ dúdú lásán bo orúkọ ọmọdé;
ẹni tó bá dà á kọ síbòmíràn,
orúkọ á yọ bí oṣù.
Fáìlì náà ńkọ́? Má pè é ní "Ìparí",
má pè é ní "Ìparí Gan-an",
jọ̀wọ́, má pè é ní "Ìparí Gan-an, Èyí Ni O".
Orúkọ ń ro ọmọ. Ó ń ro fáìlì pẹ̀lú.

O ń rẹ́rìn-ín. Kunjumariyam kò rẹ́rìn-ín.
Opó ni, ní erékùṣù Vypin,
ilẹ̀ rẹ̀ kò ju ibi tí àwọ̀n méjì lè gbẹ sí.
Àádọ́rùn-ún ọjọ́ tí òfin fún un pé lọ́jọ́ Ẹtì.
Ọ̀gá ní, "Velappan, òru ṣì gùn,
ẹ̀rọ kì í ti ilẹ̀kùn."
Aago mọ́kànlá kọjá ogójì ìṣẹ́jú kó tó jókòó.
Fáìlì tóbi jù. A gé e sí méjì.
Kọ́kọ́rọ́ ìbuwọ́lù wà nínú àpò ẹ̀wù àná.
Nọ́ńbà àṣírí wọ fóònù ìyàwó rẹ̀,
ìyàwó wà níbi ìgbéyàwó ní Thrissur, ó ti sùn.
Nígbà tó jí tó ń ka nọ́ńbà náà,
"méje, òdo, mẹ́ta..."
iná lọ.
Ìṣẹ́jú mẹ́rin la fi pẹ́.

Láyé ìwé, mo mọ Sukumaran lórí káńtà,
mo mọ ọmọ rẹ̀ tí ikọ́ ń ṣe.
Mo lè dúró lẹ́nu ọ̀nà láìsọ nǹkan kan,
á na ọwọ́, á lu òǹtẹ̀ ọjọ́ náà.
Mi ò sọ pé ó dára.
Ẹ̀rọ kò mọ ojú ẹni.
Kò mu tíì, kò gba ẹ̀bẹ̀,
ọgba ni tálákà àtolówó níwájú rẹ̀,
àfi pé olówó ní jẹnẹrétọ̀.

Oṣù mẹ́jọ la fi bẹ kóòtù nítorí ìṣẹ́jú mẹ́rin.
Obìnrin náà bi mí ní àtẹ̀gùn:
"Ìṣẹ́jú mẹ́rin, ṣé ẹyin á ti jinná?"
Mi ò rí èsì fún un títí di òní.

Nítorí náà, bí o bá ti fi ránṣẹ́, má dìde.
Dúró de nọ́ńbà ìgbàwọlé. Kọ ọ́ sílẹ̀, lórí bébà.
Pe oníbàárà rẹ, kà á fún un
lédè tó fi ń bá ọmọ rẹ̀ jà.
Fáìlì ti kúrò lórí mi, Nikhila.
Ẹjọ́ kò fúyẹ́. Wá ibi tí wàá gbé e sí.
Ó yá. Aago méjì ọ̀sán ni,
iná ṣì wà.